Àtíkè òdòdó kì í ṣe oyin: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìdí iṣẹ́ yìí

Ẹ̀yin àbúrò, ohun tó máa kọ́kọ́ ná yín lówó nídìí bee pollen, ìyẹn àtíkè òdòdó tí oyin ń kó wálé, ni pé ẹ ti mọ oyin ṣe tẹ́lẹ̀. Oyin kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹ lè dé e mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì fún ọdún méjì kó má ṣe nǹkan kan. Àtíkè òdòdó kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ ṣe ń kó o kúrò lẹ́nu àpótí oyin báyìí, omi tó wà lára rẹ̀ tó ìdá 20 sí 30 nínú 100. Ẹja tútù ni kẹ́ ẹ kà á sí: bí ẹ ò bá gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ tètè gbé e sínú fírísà, torí ní ọjọ́ kejì nínú ooru tiwa yìí, ó ti ń bu nìyẹn.

Ara irun kòkòrò oyin ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó máa ń lẹ̀ mọ́. Yóò gbọ̀n ọ́n jọ, yóò fi omi adùn díẹ̀ pò ó, yóò sì dì í mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ní hóró kọ̀ọ̀kan bí ọkà bàbà. Ẹrù ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kò ju nǹkan bíi mìlígíráàmù 15 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé kílò kan gba ìrìn-àjò tó lé ní 66,000. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ wá ra kílò mẹ́wàá lówó pọ́ọ́kú.

Oyin kì í sábà da òdòdó pọ̀ nínú ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ hóró fi ń yàtọ̀ síra nínú ìgò kan náà, tí kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n lú u ní àdàmọ̀dì. Ibi tí òdòdó bá ti yàtọ̀ ni oúnjẹ inú rẹ̀ náà ti ń yàtọ̀. Purotéènì lè wà ní ìdá 10, ó lè tó 40 nínú 100. Tí àgbàdo kì í pọ̀ tó ti ọ̀pọ̀ òdòdó mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sára ìgò láìyẹ̀ ẹ́ wò, àfẹnusọ ló kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí pàkúté. Pátákó tàbí wáyà oníhò ni, ẹnu ọ̀nà àpótí la ń gbé e sí. Oyin á há ara rẹ̀ wọlé, ẹrù ẹsẹ̀ á já, á bọ́ sínú tíréè abẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù sábà máa ń ní ihò tó tó mìlímítà 5 tàbí kó dín díẹ̀. Oyin tiwa, Apis mellifera adansonii, kéré sí tiwọn, ó lè gba ibẹ̀ kọjá tẹrùtẹrù. Ẹni tó ra irú rẹ̀ á máa bá tíréè lófìfo, á sì máa bú oyin pé ọ̀lẹ ni. Ẹ lu ihò mìlímítà 4.5 sí pátákó kan, ẹ lu mìlímítà 4.2 sí èkejì, kẹ́ ẹ jókòó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń kó o wọlé jù. Bí ẹ bá ń rí oyin tó ń wọlé léraléra pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀, ihò ti fẹ̀ jù. Bí wọ́n bá kóra jọ síta bí èrò tó ń dúró de mọ́tò, tí ẹ sì ń bá ìyẹ́ tó fàya nínú tíréè, ihò ti fún jù. Ẹ ṣí ọ̀nà kan tó fẹ̀ sílẹ̀ fún akọ oyin; ara wọn tóbi, wọ́n á há síhò, wọ́n á kú síbẹ̀, wọ́n á sì dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ilé.

Abẹ́ tíréè gbọ́dọ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì kí atẹ́gùn máa gbà á, orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìbòrí fún òjò. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ kó o. Ẹ má fín èéfín sẹ́nu pàkúté. Àtíkè a máa gba òórùn, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kí pàkúté wà lẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ṣí i kúrò: ẹ má fi pàkúté sílẹ̀ gbére. Àtíkè yìí ni oyin fi ń bọ́ ìdin, ìyẹn ọmọ wọn. Bí ẹ bá gbà á tán lọ́wọ́ wọn, ìyá oyin á dín ẹyin kù, ilé á gbẹ, bẹ́ẹ̀ oyin tiwa kò sì lè mú ìyà mọ́ra, ọjọ́ kan ni ẹ máa bá àpótí lófìfo. Ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú tàbí tí kò lágbára, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí iṣẹ́ yìí kì í sọ ni ti Akíntọ́lá, koríko tí ń gba gbogbo pápá, tó sì ń yọ òdòdó funfun rẹ́súrẹ́sú láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìn-ín-ní. Orúkọ náà bá a mu, torí bíi ti olóṣèlú tí wọ́n fi sọ ọ́, kò gbà kí ẹnikẹ́ni lé òun kúrò lóko. Oyin fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn ewéko tí ń gbé èròjà pyrrolizidine alkaloids, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí ó bá ń wọ ara léraléra. Àjọ ìlú Yúróòpù ti fi ààlà sí i nínú bee pollen: máíkrógíráàmù 500 nínú kílò kan. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kẹ́ ẹ yọ pàkúté kúrò tí Akíntọ́lá bá ti bo àyíká yín. Oko kòkó tí wọ́n ń fín lóògùn náà ń kó bá wa, torí oyin lè rìn tó kìlómítà mẹ́ta, àtíkè á sì gbé oògùn náà wálé.

Gbígbẹ ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí fáànù kékeré máa fẹ́ ẹ, kí ooru má sì ju 40 dígírì lọ. Àpótí onípákó tó ní gílóòbù alátijọ́ méjì nísàlẹ̀, fáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti tẹmómítà lókè, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sá a sínú oòrùn gbangba. Oòrùn a máa pa àwọ̀ rẹ̀, a sì máa jẹ lára fítámì inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo oòrùn, ẹ fi aṣọ dúdú ṣíji bò ó. Nígbà òjò, atẹ́gùn lásán kò lè gbẹ ẹ́ dé ibi tó yẹ, torí omi inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ padà, pàápàá lóru. Ẹ bò ó mọ́ inú ike tó dé dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iná ò sì sí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ká ní kílò kan lẹ kó, tí omi rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 25 nínú 100. Ara gbígbẹ inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 750. Tí omi bá dín kù dé ìdá 6, gbogbo rẹ̀ yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 800. Bí ìwọ̀n bá dúró sí 850, omi tó kù ṣì ń lọ sí ìdá 12, àtíkè inú ìgò náà á bu, á hu ewú. Gíráàmù 50 péré ló wà láàárín ọjà àti ìdọ̀tí. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú gíráàmù 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àyẹ̀wò lásán, ẹ gbẹ ẹ́ ní 65 dígírì títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́, ẹ máa mọ iye omi tó wà nínú ti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ lè jẹ́rìí: ó yẹ kó máa dún lórí abọ́ bí ìrẹsì gbígbẹ tí a kò tíì sè, kó má sì tẹ̀ bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó bá ti hu ewú tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ dà á nù. Gbígbẹ kò lè lé májèlé ewú kúrò.

Ẹ fẹ́ ẹ bí ẹ ṣe ń fẹ́ ọkà, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ sì ṣa ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ oyin kúrò. Kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ fi í sínú fírísà ní −18 dígírì fún ọjọ́ méjì, kí ẹyin àfòpiná àti kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kú. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé wọ́n á gbé ìgò jáde, wọ́n á ṣí i lójú ẹsẹ̀, ìrì á sì sẹ̀ sórí hóró tútù náà; gbogbo iṣẹ́ gbígbẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ìgò sílẹ̀ ní dídé títí kò fi ní tutù lọ́wọ́ mọ́.

Ní ti jíjẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ṣíbí ìjẹun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 10. Bí purotéènì rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, gíráàmù méjì péré lẹ jẹ. Ẹyin kan fún yín ní nǹkan bíi mẹ́fà. Ó ní fítámì B díẹ̀, àwọn èròjà carotenoids (irú èyí tó ń fún kárọ́ọ̀tì ní àwọ̀), àti ohun àlùmọ́ọ́nì, àmọ́ kò lè rọ́pò ẹ̀wà tàbí ẹja. Ara òde lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ le, inú wa kò lè rún un tán, nítorí náà rírẹ ẹ́ mọ́jú nínú wàrà tàbí yọ́gọ́ọ̀tì nínú fíríìjì sàn ju kéèyàn máa gbé e mì lọ. Bí ó bá jẹ́ ògì ni ẹ fẹ́ dà á sí, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó wọlé.

Ẹni tó ń jẹ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, hóró méjì tàbí mẹ́ta ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó dúró di ọjọ́ kejì. Bí ẹnu bá ń yún un, bí ètè tàbí ojú bá wú, bí mímí bá ṣòro, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí tí òdòdó máa ń ṣe, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, àti ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fún un rárá.

Ẹ má kọ pé ó ń wo aàrùn sára ìgò. Ìwádìí lára èèyàn ṣì kéré, eku ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí fún próstéètì jẹ́ ti Cernilton, oògùn tí wọ́n fi èròjà tí wọ́n yọ láti inú àtíkè rye (irú ọkà kan) àti koríko mìíràn ṣe ní Swídìn, kì í ṣe èyí tí oyin kó wálé. Ẹ gba nọ́ńbà NAFDAC kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ibi tí àpótí wà, òdòdó tó wà lójú agbo nígbà yẹn, àti ìkìlọ̀ fún àwọn tí ara wọn kì í gbà á. Ọjọ́ tó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹ kó o kúrò nínú tíréè, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ dì í sínú ìgò.