Mọ́tò mi ń sitáàtì dáadáa, kò sì ní pẹ́ kú: ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo fi aago ka ìṣẹ́jú ẹ̀

Mọ́tò bàbá mi ni, 1974 ni wọ́n ṣe é, kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì) ló ń lò, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ dénú. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi gbọgbẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan tó ń ṣe yẹn. Màá yí kọ́kọ́rọ́, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹ̀ á dùn létí, ṣùgbọ́n kí n tó sọ pé mò ń lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á gbọ̀n rìrì, á kú. Tí mo bá tún yí i kò ní dá mi lóhùn, àfi tó bá sinmi bí ìṣẹ́jú 10, màá wá yí i títí kó tó gbà, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ kú.

Odindi oṣù 3 ni mo fi jà á. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò gbọ́, mo pààrọ̀ kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà, kò gbọ́, mo ra kọ́ìlì tuntun (àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń pèsè iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta), mẹkáníìkì kan tú kábúrétọ̀ palẹ̀ ó fọ̀ ọ́ ó tún tò ó, pàbó náà ni. Ó ti tojú sú mi pátápátá. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé nígbà tí mo padà yẹ àwọn nǹkan tí a yọ wò, kò sí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Àgbà mẹkáníìkì kan, tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. Kò tiẹ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó kàn bi mí pé, "Ìṣẹ́jú mélòó ló ń lò kó tó kú? Báwo ló sì ṣe ń kú?" Mo ní ẹ̀gbọ́n, ó ṣáà ń kú ni. Ó ní rárá o, lọ kà á wá ná. Bí mo ṣe fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú ẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, àárọ̀ 3 tẹ̀ léra: ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 40, lọ́jọ́ kejì 45, lọ́jọ́ kẹta 40. Bákan náà ni ṣáá! Mo ti ń wa mọ́tò yìí láti ọjọ́ yìí mi ò mọ̀ pé ó ní àkókò tó ń kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun ẹ ka àkókò, kí ẹ sì tẹ́tí sí bó ṣe ń kú. Tó bá kú lójijì bí iná tí wọ́n pa, láìhúkọ́ láìgbọ̀n, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá ń kú bí ẹni tí ò rí èémí mí, tó ń húkọ́, tó ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ epo tàbí afẹ́fẹ́ ni ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Èyí tó ń kú gẹ́lẹ́ tí ọwọ́ yín bá kúrò lára kọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ pé tí ẹ bá di kọ́kọ́rọ́ mú á dáhùn tí ẹ bá fi í sílẹ̀ á kú, ìyẹn rọrùn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìgbà yẹn ní rẹ̀sísítọ̀ kan tó ń dín iná kù kó tó dé kọ́ìlì, tí ẹ bá ń sitáàtì iná á yà á sílẹ̀ á gba ọ̀nà míì lọ tààrà, tí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ á padà gba ibẹ̀. Tí rẹ̀sísítọ̀ yẹn bá ti já, iná ò ní dé kọ́ìlì mọ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) 1 sí 2 ló sábà máa ń kà tó bá dáa. Ẹ má kàn fi wáyà so ó pọ̀ kí ẹ máa wà á lọ o, kọ́ńtáàtì á jóná, kọ́ìlì náà á gbóná kọjá ààlà.

Èyí tó dáa nígbà tí ṣóòkù (ohun tí a ń fà síta láti dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù) ṣì wà níta, tó ń kú tí ẹ bá ti dá a padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ tàbí ojú ihò kékeré tí epo ń gbà nígbà tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ ti dí. Èyí tó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 tí gbogbo ẹ̀ ti gbóná, ẹ yẹ kọ́ìlì àti kọ̀ńdẹ́ńsà wò lójú ẹsẹ̀ tó bá kú, ẹ má jẹ́ kó tutù, torí tó bá ti tutù ara ẹ̀ á tún le.

Tèmi, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, bàbá mẹkáníìkì yẹn ní epo inú abọ́ kábúrétọ̀ ló ń tán. Abọ́ kékeré yẹn ni ẹ́ńjìnì ń mu nígbà tó kọ́kọ́ dáhùn, tí òmíì ò bá wọlé, ibẹ̀ ló parí sí. A jẹ́ kó kú, a jẹ́ kó tutù, a ṣí orí kábúrétọ̀, òótọ́ ni, epo tó kù níbẹ̀ kàn rin ìsàlẹ̀ abọ́ ni, fúlótì (ohun tó ń léfòó lórí epo inú abọ́) ti balẹ̀ sùn.

Mo rò pé pọ́ǹpù tó ń fa epo láti tánkì ni, mo ti fẹ́ lọ rà á. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má baà ta, ohun tí wọ́n fi ń paná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbangba ìta la wà (ẹ má ṣe èyí nínú gáréèjì tó tì, ẹ sì má ṣe é lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná). Ó yọ rọ́bà epo kúrò lára kábúrétọ̀, ó ti ẹnu ẹ̀ bọ inú ìgò, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Epo tú jáde fìì, fìì, fìì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó wá di tín-ín-rín, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ ló ń hó nínú ìgò. Ó wá yọ rọ́bà tó ń bọ̀ láti tánkì kúrò lára pọ́ǹpù, ó fi òmíì tó mọ́ síbẹ̀, ó ti ẹnu ẹ̀ bọ inú kẹ́ẹ̀gì epo. Mo yí i, epo ń tú láìdáwọ́ dúró. Pọ́ǹpù ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, láti tánkì sí ibẹ̀ ni wàhálà wà.

A tú ìdérí tánkì, torí tí ihò afẹ́fẹ́ ara ẹ̀ bá dí, tánkì á máa fa ara ẹ̀ mọ́nú, epo ò ní lè jáde. Kò yàtọ̀. Fíltà, tuntun ni. A fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ìdí pọ́ǹpù lọ sí tánkì, ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an ló rú mi lójú. Rọ́bà kékeré kan ló wá kù lábẹ́ tánkì, kò gùn ju ìka mi àárín lọ, dúdú minimini, kò sán, kò jò. Bàbá fi bíléèdì là á gbọọrọgbọ. Awọ inú ẹ̀ ti ṣí kúrò lára, ó dà bí ahọ́n kékeré tó rọ̀ sílẹ̀. Tí pọ́ǹpù bá ń fa epo, ahọ́n yẹn á dìde á dí ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnì bá kú, á rọra padà sùn. Àwa sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ láti òdì kejì, ó ń yà fún wa, ó tàn wá jẹ.

Epo tí wọ́n ń tà báyìí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ẹ́táńọ̀ọ̀lù (irú ọtí kan) nínú, wọn ò ṣe rọ́bà àtijọ́ fún un, inú ni ó sì ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Èyí tí wọ́n kọ R9 sí lára (àmì rọ́bà tó lè fara da irú epo yìí) ni mo rà, mo pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ láti tánkì dé kábúrétọ̀, títí kan èyí tí ojú mi rí pé ó ṣì dáa.

Lọ́jọ́ kejì mo sitáàtì ẹ̀, mo gbé aago síwájú. Ìṣẹ́jú kan àti 40, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí sítíárìn. 45. Ìṣẹ́jú 2. Mo dá ṣóòkù padà díẹ̀díẹ̀, ohùn ẹ̀ ò yí padà. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú 20 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gíà.