Ọkọ̀ mi ti tún gun òkè Màpó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iná ẹ́ńjìnnì fi ń tàn sí mi lójú. Tí mo bá tẹ tọ́tù, ńṣe ni ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀ tìkọ̀. Epo tó ń tó mi ọjọ́ márùn-ún kò pé mẹ́ta mọ́, èéfín dúdú sì ń jáde.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní púlọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ìyàtọ̀. Ó tún ní kí n ra pọ́ǹpù epo! Ó dùn mí gan-an, torí kò yẹ ọkọ̀ wò kó tó ná mi lówó.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe rẹ́wáyà fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí i. Kóòdù àṣìṣe P0133 ló jáde: sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti ń lọ́ra. Ara páìpù èéfín ló wà, ó ń wo ọ́síjìn tó kù nínú èéfín, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá kó fi kún epo tàbí kó dín in kù.

Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, “Rárá o, àbúrò, o ò mọ iye ọdún tó ti lò nínú èéfín.” Mo ra tuntun. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, wọ́n fi sípánà 22 tú u. Ẹnu ti àtijọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò!

Láàárọ̀ yìí, mo gun Màpó, ọkọ̀ ò kérora. Orí òkè níbẹ̀ ni mo ti pè wọ́n: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Iná yẹn ti kú.”