Arthur Waley, akéwì tó fi ewì ẹlòmíràn kọ tirẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Arthur Waley, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé ọkùnrin tó fi bí àádọ́ta ọdún túmọ̀ ewì ilẹ̀ Ṣáínà àti ìtàn ilẹ̀ Jàpáánì sí Gẹ̀ẹ́sì kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Éṣíà rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti gba àyè ju bó ti yẹ lọ. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé ẹni tí ewì tó ti orí ara rẹ̀ wá kò tó nǹkan di ẹni tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú ìtàn ewì Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún ogún.

Ìlú Tunbridge Wells, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, nínú ìdílé Júù tó rọ́wọ́ họrí. Arthur David Schloss ni orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀; ní 1914, nígbà tí orúkọ tó bá dún bíi ti Jámánì ti ń kó ẹni tó ń jẹ́ ẹ sí wàhálà, ìdílé rẹ̀ gba Waley, tí í ṣe orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Rugby, ó sì kọ́ èdè Gíríìkì àti Látìnì ní King's College, Cambridge, níbi tí ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú títí tí ọ̀kan kò fi ríran mọ́.

Ní 1913 ni British Museum gbà á síṣẹ́ ní ẹ̀ka àwòrán ilẹ̀ Éṣíà, lábẹ́ Laurence Binyon, tí òun náà jẹ́ akéwì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀. Àwòrán Ṣáínà kì í sábà dá wà: wọ́n a fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ewì sí etí rẹ̀, àwọn tó sì ti ni ín rí a lu òǹtẹ̀ pupa wọn mọ́ ọn, débi pé ẹni tí kò bá lè ka ohun tí wọ́n kọ kò lè mọ ẹni tó yà á tàbí ọwọ́ ẹni tó ti gbà kọjá. Waley jókòó, ó fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Ṣáínà àti ti Jàpáánì, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èdè Éṣíà ní Lọ́ńdọ̀nù kò gba akẹ́kọ̀ọ́ títí di 1917. Láti inú iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí ni ewì ti wá. Ní 1916 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan, nǹkan bí àádọ́ta ẹ̀dà, fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1918 ni A Hundred and Seventy Chinese Poems jáde fún gbogbo ayé.

Ọgbọ́n tó dá sí i ló jẹ́ kí ìwé náà yàtọ̀. Ìlà ewì Ṣáínà àtijọ́ sábà máa ń ní sílébù márùn-ún tàbí méje, ọ̀rọ̀ kan fún sílébù kan. Waley pinnu pé iye sílébù tó bá wà nínú ìlà Ṣáínà ni iye ibi tí ohùn yóò ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìlà Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn sílébù fúyẹ́fúyẹ́ sì máa bọ́ sáàárín wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kà wọ́n. Ó kọ̀ láti jẹ́ kí òpin àwọn ìlà máa dún bákan náà, bí Herbert Giles, onímọ̀ èdè Ṣáínà, àti àwọn mìíràn tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe, torí pé ẹni tó bá ń wá ìró tó bára mu kiri yóò lọ́ ọ̀rọ̀ akéwì lọ́rùn. Waley àti Giles bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn, ẹ̀yìn Waley ni mo sì wà.

Akéwì Ṣáínà Po Chü-i (772–846) ló fi apá kejì ìwé náà fún pátá. Òṣìṣẹ́ ọba tí wọ́n ń gbé láti agbègbè kan sí òmíràn ni Po, ó ń kọ̀wé nípa irun tó ń re, nípa ọmọbìnrin kékeré tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, pẹ̀lú èdè tí kò lọ́jú pọ̀. Bertolt Brecht, akéwì àti òǹkọ̀wé eré ọmọ Jámánì, tún ti inú Gẹ̀ẹ́sì Waley túmọ̀ díẹ̀ nínú wọn sí èdè Jámánì.

Ní òpin 1929 ó fi iṣẹ́ British Museum sílẹ̀. Láàárín 1925 sí 1933 ni ìdìpọ̀ mẹ́fà The Tale of Genji jáde, ìtàn gígùn tí Murasaki Shikibu, obìnrin ààfin ilẹ̀ Jàpáánì, kọ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Waley fo orí kan odindi nínú rẹ̀, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi gbè é níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ tí Donald Keene rà ní New York ní 1940, ní sẹ́ǹtì 49, ló sọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn di onímọ̀ lítíréṣọ̀ Jàpáánì. Ti Monkey, ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìtàn ìrìnàjò gígùn kan láti ilẹ̀ Ṣáínà, tó jáde ní 1942 nígbà ogun, yàtọ̀: orí 30 péré ló mú nínú 100, ṣùgbọ́n yíyàn náà mọ́gbọ́n dání, torí pé irú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ló ń padà wá nínú ìtàn náà, iwin ibẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ tuntun.

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ti Ọbabìnrin fún ewì ní 1953, èyí tó fi hàn pé àwọn onídàájọ́ kà á sí akéwì láìwò ó pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó bá Beryl de Zoete, òǹkọ̀wé nípa ijó, gbé pọ̀ títí obìnrin náà fi kú ní 1962. Ó gbé Alison Robinson níyàwó ní 1966, ó sì kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á, ìwé ti 1918 ni kí ó kọ́kọ́ mú, kí ó ṣí i sí apá kejì, kí ó sì ka àwọn ìlà náà sókè ketekete. Genji lè dúró di ìgbà tí àyè bá wà.