Ọkọ̀ Tí Yóò Gba Gbogbo Ilé Wa

Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà sì di ohun tí ó ju 480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí yóò gba èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́rin àti màmá mi.

Toyota Highlander háíbíríìdì (ọkọ̀ tí ń lo ẹ́ńjìnnì epo pẹ̀lú ẹ̀rọ oníná) ti ọdún 2020, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ni ọkàn mi fà sí. A kì í so ó mọ́ iná: bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ oníná rẹ̀ yóò sọ eré ọkọ̀ náà di iná padà sínú bátìrì, nítorí náà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ́ńjìnnì lè kú kí ọkọ̀ sì máa yọ́ rìn.

Bátìrì yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Nígbà tí mo lọ wo tòkunbọ̀ kan, mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò abẹ́ ìjókòó àárín tí atẹ́gùn ń gbà wọlé láti mú un tutù: eruku àti irun ajá ti dí i pa. “Ẹ má dààmú, Dádì, a óò nù ún,” ni ẹni tí ń tà á wí. Mo dúpẹ́, mo sì kúrò níbẹ̀, nítorí ooru ló ń tètè ba irú bátìrì bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti mẹkáníìkì tí ó ní ẹ̀rọ tí ń yẹ bátìrì wò yóò lọ wo òmíràn. Màmá yóò bá wa lọ, kí a lè mọ̀ bóyá orúnkún wọn yóò gbà wọ́n láyè láti gòkè sínú rẹ̀.