Ẹ ka èémí ọmọ kí ẹ tó ra oògùn ibà

Ohun tí iṣẹ́ ìtọ́jú kọ́ mi nípa òtútù àyà ni pé èémí ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Ibà náà ń mú ara gbóná, ó sì lè mú ọmọ húkọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí ní Àkúrẹ́ níbí fi máa ń ti kẹ́míìsì ra oògùn ibà, tí àìsàn á sì ti wọra kí wọ́n tó gbé ọmọ wá.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́ ná. Bó bá ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú lọ́wọ́, òǹkà yín kò ní tọ̀nà. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ máa wo ikùn òun àyà rẹ̀: bó bá ru sókè tó tún wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí ẹ fi kà á, kí ẹ máa fi aago fóònù ṣọ́ ọ. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí èémí ọmọdé kì í lọ déédéé. Fún ọmọ oṣù 2 sí 11, bó bá ti tó 50, ó ti yára jù. Fún ọmọ ọdún 1 sí 4, 40 ni. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 tó mí tó 60, ẹ má dúró rárá.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ egungun ìhà pẹ̀lú. Bí ibẹ̀ bá ń jìn wọnú bó ṣe ń mí sínú, ilé ìwòsàn yá. Bí kò bá lè mu ọmú, tí gìrì mú un, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe ọyẹ́ tàbí omi tútù ló ń dá òtútù àyà sílẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ni. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní pneumococcus wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Omi àti ọyún á kún inú ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, ọmọ á wá máa mí gúlegúle. Èéfín igi ìdáná máa ń dá kún un, nítorí náà ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí agbada gààrì.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má da àdí tàbí àgbo sí ọ̀fun ọmọ tó ń mí gúlegúle. Epo tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè fa òtútù àyà fúnra rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá sọ pé ibà wà, ìyẹn kò ní kí òtútù àyà má sí. Méjèèjì lè jọ wà. Amoxicillin, oògùn apakòkòrò, èyí tó ń yòrò nínú omi, ni wọ́n sábà máa ń kọ fún ọmọdé tí òtútù àyà mú, àárọ̀ àti alẹ́, fún ọjọ́ 5. Ara ọmọ lè fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ lò ó tán. Bí kò bá sì sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 2, ẹ gbé e padà, ó lè gba abẹ́rẹ́ àti ọ́síjìn.

Bí òtútù àyà bá mú àwọn arúgbó, ara wọn lè má gbóná rárá. Ọ̀rọ̀ wọn á kàn dàrú, oúnjẹ kò ní wù wọ́n. Àgbàlagbà tó bá ń mí tó ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi í sílé.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcus wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí. Bí ọjọ́ ti kọjá lára káàdì ọmọ yín, ẹ mú káàdì náà lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa bá a lọ látibi tó dé.