Ìwé Tí N Kò Lè Kà: Ohun Tí Kíkó Ìtàn Àwọn Olórin Rọ́ọ̀kì Jọ Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ máa ń bi mí, nígbàkígbà tí ẹ bá yà sílé mi ní Kubwa, pé kí ni mo ń fi ìwé tí n kò lè kà ṣe, ìdáhùn mi rèé. Ìtàn ìgbésí ayé àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ni mo ń kó jọ, pàápàá ti Beatles, ní onírúurú èdè tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí. Ohun tí ó kọ́kọ́ yé mi ni pé ọdún tí wọ́n tẹ ìwé kì í ṣe ọdún tí ìtàn inú rẹ̀ parí sí.

Hunter Davies kọ ìtàn wọn pẹ̀lú àṣẹ wọn, ìwé náà sì jáde ní 1968, nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò tíì túká. Lẹ́yìn tí wọ́n túká ní 1970, ó tún un gbé jáde pẹ̀lú àfikún. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni atúmọ̀ lò, ẹ kò ní bá ìtúká náà níbẹ̀, ìbáà ṣe àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má wo èèpo ìwé. Ojú ewé tí ó wà lẹ́yìn àkọlé ni kí ẹ ṣí, níbi tí wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ọdún tí ó jáde.

Ibẹ̀ náà ni ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, sábà máa ń wà. Bí 2 bá tẹ̀ lé 978, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tẹ̀wé ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé ni ó ti wá. 3 jẹ́ ti èdè Jámánì, 4 jẹ́ ti Jàpáànù, 88 jẹ́ ti Ítálì. Ontàjà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ta ìwé Jámánì kan fún mi rí. Nígbà tí ó dé Abuja, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni, sítíkà ṣọ́ọ̀bù Jámánì ni wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀. Òdo, tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sì tẹ̀ lé 978 nínú ISBN rẹ̀, ó hàn kedere nínú fọ́tò tí ó fi ránṣẹ́ sí mi. Owó ìwé kò dùn mí tó owó ìfiránṣẹ́.

Ní 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó láti gba orin sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì gba téèpù tí orin rẹ̀ wà. Fela náà fẹ̀sùn kàn án pé orin Áfíríkà ni ó wá jí. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé yòówù tí ó bá dé ọdún yẹn. Nínú ti Faransé àti ti Jámánì, kò ṣòro, nítorí pé orúkọ Fela àti ti Lagos kì í yí padà. Ti Jàpáànù ni ó mú mi kọ́ àmì mẹ́ta, ラゴス, tí wọ́n fi ń kọ Lagos, mo sì ń fi ìka tọ ewé kọ̀ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́ méjì kí n tó rí i. (Òdì ni mo ti kọ́kọ́ di ìwé náà mú; màlámù ará Zaria tí a jọ ń gbé àdúgbò ni ó gbà á lọ́wọ́ mi, tí ó sì ṣí i láti ọ̀tún, bí ó ṣe ń ṣí ìwé Lárúbáwá rẹ̀.) Ojú ewé yìí ni mo fi ń díwọ̀n atúmọ̀: ẹni tí ó fi àlàyé díẹ̀ sísàlẹ̀ ewé, kí òǹkàwé rẹ̀ lè mọ ẹni tí Fela jẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó fò ó kọjá.

Ní ti ìtọ́jú, ọyẹ́ ìhín máa ń gbẹ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ewé ìwé, nítorí náà ẹ má ṣe la ìwé àtijọ́ gbalaja ní Oṣù Kìíní. Bébà ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá a máa sé ọ̀rinrin mọ́ ìwé, ìwé náà á sì hu èébu.