Kí ẹ tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹ yẹ ilẹ̀ wò
Kànga ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́, eruku funfun ló ń tú jáde títí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ fi kó ẹ̀rọ wọn lọ. Ẹ̀kán omi kan ò yọ. Agbaṣẹ́ṣe náà ò yẹ ilẹ̀ wò. Ibi tó ti rọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́rùn láti dúró ló gbẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Orí àpáta la kọ́lé sí. Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi kì í sí nínú òkúta líle fúnra rẹ̀. Inú ìpele àpáta tó wà lókè, tó ti jẹrà, àti ojú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí kànga aládùúgbò fi lè lómi, kí tiyín sì gbẹ táútáú.

Ẹni kejì tí mo pè kọ́kọ́ gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó fi iná mànàmáná wọn bí ìsàlẹ̀ ṣe rí. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ, ó ń to ẹ̀rúnrún òkúta sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, mítà kan, òkìtì kan. Nígbà tí èyí tí mo bù dà bí ìpẹtà ara irin, tó sì tutù lọ́wọ́ mi, inú mi dùn gan-an, torí àmì omi nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: ta ló máa ru gbèsè bí kò bá sómi, sìmẹ́ǹtì tó máa dí etí páìpù kí ìdọ̀tí má bàa wọlé, àti iye wákàtí tí wọ́n máa fi fa omi náà wò.